Willem Einthoven, Ẹni Tí Ó Kọ́ Ọkàn Ní Ìwé Kíkọ

Bí ènìyàn bá kúrò ní ìdí ilé iná Jamestown, ní ìlú Àkrá níbi tí mo ń gbé, tí ó sì kọjú sí ìlà-oòrùn, kò ní í rìn jìnnà kí ó tó kan odi àtijọ́ kan tí à ń pè ní Ussher Fort. Àwọn ará Holland ni ó kọ́ ọ ní ọdún 1649. Orúkọ tí wọ́n kọ́kọ́ sọ ọ́ ni Crèvecœur, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni ìbànújẹ́ ọkàn. Ní ọdún 1868 ni wọ́n fi lé àwọn Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́, tí orúkọ rẹ̀ sì yí padà. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ń ka ìwé yìí, ìbáà ṣe Nàìjíríà ni ẹ ti wá, tàbí Bẹ̀nẹ̀ tí a ń pè ní Dahomey tẹ́lẹ̀, tàbí Tógò, tàbí Gánà níhìn-ín, ẹ mọ ohun tí irú odi bẹ́ẹ̀ fi ojú àwọn baba ńlá wa rí. Ìdí nìyẹn tí n kò fi ní í dúró pẹ́ níbẹ̀. Ọmọ Holland kan ni mo fẹ́ ròyìn rẹ̀ fún yín, ṣùgbọ́n ọkàn tí òun bá lò kì í ṣe èyí tí à ń bà nínú jẹ́. Ọkàn tí ń lù kì-kì-kì nínú àyà ni, ẹran ara gan-an, tí ó tóbi tó ìkúùkù ẹni tí ó ni ín.

A bí Willem Einthoven ní ọjọ́ 21 oṣù karùn-ún ọdún 1860, ní ìlú Semarang ní erékùṣù Java. Holland ni ó ń jọba lórí Java nígbà náà. Apá kan Indonesia ni lónìí. Kí ẹ má ṣe rò pé ibẹ̀ jìnnà sí wa tó bí ó ti rí lórí àwòrán ayé. Láàrin ọdún 1831 àti 1872, nǹkan bí 3,000 ọkùnrin ni àwọn ará Holland gbà sí iṣẹ́ ológun ní Elmina, ní etíkun wa kan náà yìí, tí wọ́n sì fi ọkọ̀ ojú omi kó lọ sí Java àti àwọn erékùṣù agbègbè rẹ̀. Àwọn kan parí iṣẹ́ wọn, wọ́n padà wá sí Elmina, wọ́n sì kọ́lé sórí òkè kan tí à ń pè ní Java Hill títí di òní olónìí. Àwọn mìíràn kò padà mọ́. Wọ́n fẹ́ aya, wọ́n bí ọmọ, wọ́n di ará ibẹ̀, Semarang sì wà lára àwọn ìlú tí irú ìdílé bẹ́ẹ̀ tẹ̀dó sí.

Oníṣègùn ni Jacob, bàbá Willem. Ọmọ náà kò ju ọmọ ọdún mẹ́fà lọ nígbà tí bàbá yìí kú, tí ó fi ìyá sílẹ̀ pẹ̀lú ọmọ mẹ́fà. Ní ọdún 1870 ìyá náà kó gbogbo wọn wọ ọkọ̀, ó sì padà sí Holland, sí ìlú Utrecht. Ibẹ̀ ni Willem ti lọ sí ilé ẹ̀kọ́, ibẹ̀ náà ni ó ti wọ Yunifásítì láti kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn, nítorí ipasẹ̀ bàbá rẹ̀ ni ó fẹ́ tọ̀.

Ohun kan wà nínú ìgbà èwe rẹ̀ tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn, nítorí pé a óò tún bá a pàdé níwájú. Ọ̀dọ́mọkùnrin yìí kì í ṣe ẹni tí ń fi gbogbo ọjọ́ jókòó ti ìwé. Ó fẹ́ràn eré ìdárayá púpọ̀. Ó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ń ṣe eré ìdárayá àti eré fífi idà jà, ó sì wà lára àwọn tí ó dá ẹgbẹ́ atukọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Utrecht sílẹ̀. Ní ọjọ́ kan níbi eré, ó ṣubú, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ sì ṣẹ́. Ẹlòmíràn ìbá dùbúlẹ̀ kí ó máa kẹ́dùn. Òun bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàkíyèsí bí ọwọ́ ènìyàn ti ń yí síwá tí ó ń yí sẹ́yìn, títí tí ó fi kọ ìwé kan jáde lórí bí oríkèé ìgúnpá ti ń ṣiṣẹ́. Ọdún 1882 ni èyí, kò sì tíì gboyè.

Ní ọdún 1885 ó gba oyè dókítà, wọ́n sì yàn án ní ọ̀jọ̀gbọ́n ẹ̀kọ́ nípa iṣẹ́ ara ènìyàn ní Yunifásítì Leiden. Ọmọ ọdún 25 péré ni. Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Leiden ní 1886, ọdún náà ni ó sì gbé Frédérique de Vogel níyàwó. Ìbátan rẹ̀ ni obìnrin náà, ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa yóò kà sí èèwọ̀, ṣùgbọ́n tí kò ṣe nǹkan lọ́dọ̀ tiwọn. Ọmọbìnrin mẹ́ta àti ọmọkùnrin kan ni wọ́n bí. Láti ìgbà náà títí ó fi kú, kò fi Leiden sílẹ̀ mọ́.

Nígbà kọ̀ọ̀kan tí ọkàn bá fẹ́ lù, agbára mànàmáná kékeré kan a máa gba inú ẹran rẹ̀ kọjá; òun ni ó ń pàṣẹ fún ẹran náà pé kí ó fún pọ̀. Agbára yìí kéré jọjọ. Kí ó tó dé ojú awọ ara, kì í ju nǹkan bí ìdá kan nínú 1,000 agbára bátìrì tọ́ọ̀ṣì kan lọ. Ní ọdún 1887, ní London, Augustus Waller ni ó kọ́kọ́ fi hàn pé a lè gba agbára náà láti ara ènìyàn láìfi ọ̀bẹ kàn án. Waller yìí kan náà ní ajá kan tí ń jẹ́ Jimmy, tí ó máa ń ki ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ omi iyọ̀ níwájú àwọn ènìyàn, kí wọ́n lè rí bí ọkàn ajá náà ti ń lù. Ní ọdún 1889 Einthoven wà níbi ìpàdé àwọn onímọ̀ ní Basel, ní Switzerland, ó sì fi ojú ara rẹ̀ rí iṣẹ́ Waller.

Ṣùgbọ́n ohun èlò tí Waller ń lò kò múná. Mákúrì inú igò tín-ín-rín ni ó ń gòkè tí ó ń sọ̀ kalẹ̀, mákúrì sì wúwo, ó sì lọ́ra. Kí ó tó dìde, ọkàn ti ṣe tirẹ̀ tán. Einthoven fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe ìṣirò láti tún ohun tí mákúrì bà jẹ́ ṣe. Ní ọdún 1895 ó fún àwọn òkè àti àfonífojì inú ìlà náà ní lẹ́tà: P, Q, R, S, T. Lẹ́tà wọ̀nyí ni gbogbo oníṣègùn ayé ń pè wọ́n títí di òní, mo sì máa ń rí ọwọ́ olùkọ́ gidi nínú rẹ̀.

Ìṣirò náà kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ohun èlò tí kò ní í lọ́ra ni ó ń wá. Ní 1901 ó kọ́kọ́ ròyìn rẹ̀, ní 1903 ó ṣàlàyé rẹ̀ ní kíkún: galvanometer olókùn. Ẹ fi ojú inú wo okùn kan tí ó tín-ín-rín ju irun orí lọ púpọ̀, tí a ta sáàrin ẹnu méjèèjì mágínẹ́ẹ̀tì ńlá kan. Bí agbára láti inú ọkàn bá gba inú okùn náà kọjá, mágínẹ́ẹ̀tì á tì í sí apá kan. Bí agbára náà bá yí padà, okùn á yí padà. A óò tan iná sí i láti ẹ̀yìn, òjìji rẹ̀ á bọ́ sórí gíláàsì fọ́tò tí ń rìn, òjìji náà á sì máa fa ìlà. Báyìí ni ọkàn ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé.

Bí wọ́n ti ń rí irú okùn bẹ́ẹ̀ ni ó máa ń yà mí lẹ́nu jù. Òkúta kan wà tí à ń pè ní quartz, irú èyí tí ó pọ̀ nínú yanrìn etí òkun. Wọn a fi iná yọ́ ọ títí yóò fi rọ̀ bí oyin. Wọn a so ó mọ́ ìdí ọfà, wọn a sì ta ọfà náà kọjá nínú yàrá. Bí ọfà ti ń fò lọ, bẹ́ẹ̀ ni quartz yóò máa fà tẹ̀lé e, tí yóò sì di fọ́nrán. Wọn a wá fi fàdákà bò ó kí agbára mànàmáná lè gba ara rẹ̀ kọjá. Nígbà tí mo bá sọ èyí fún àwọn ọmọ kíláàsì mi, wọn a rò pé ìtàn ọdẹ ni mo ń pa fún wọn.

Yàrá méjì ni ẹ̀rọ náà gbà. Ó wúwo tó nǹkan bí 270 kìlógíráàmù, ènìyàn márùn-ún ni ó ń tọ́jú rẹ̀, omi sì gbọ́dọ̀ máa ṣàn yí mágínẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ká kí ó má bàa gbóná jù. Aláìsàn a jókòó, a sì ki ọwọ́ méjèèjì àti ẹsẹ̀ òsì bọ inú korobá omi iyọ̀. Ṣùgbọ́n ilé ìwòsàn ni àwọn aláìsàn wà, ó sì fi nǹkan bí kìlómítà kan àbọ̀ jìnnà sí yàrá ìwádìí. Ẹ̀rọ kò ṣeé gbé, ọ̀pọ̀ aláìsàn kò sì ṣeé rù. Einthoven ní kí a fi wáyà tẹlifóònù so ibi méjèèjì pọ̀. Ní ọdún 1905, ẹnìkan jókòó ní ilé ìwòsàn, ọkàn rẹ̀ ń lù, ìlà rẹ̀ sì ń jáde ní yàrá ìwádìí. Ó dà bí ẹni pé ènìyàn jókòó ní Korle Bu, ní òdì kejì ọ̀sà Korle, tí a sì ń ka bí ọkàn rẹ̀ ti ń lù níhìn-ín ní Jamestown.

Ní ọdún 1908 ni ó ṣe ohun tí ó mú mi kọ ìtàn yìí. Nínú ìwé tí ó kọ jáde ní ọdún náà lórí ìlà ọkàn, ó sọ̀rọ̀ nípa ìlà àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ agbára tán. Ẹ rántí ọ̀dọ́mọkùnrin atukọ̀ ọjọ́sí. Ó ṣàkíyèsí pé ìlà náà kò rí bí ó ti ń rí nígbà ìsinmi: P àti T ga sí i, ibi tí S parí sí sì lọ sílẹ̀. Ó kọ ohun tí ó rí sílẹ̀, kò sọ ọ́ di ọ̀nà láti mọ àìsàn, ó sì kọjá lọ sórí ọ̀rọ̀ mìíràn. Lójú tèmi, kò yẹ kí a bá a wí. Iṣẹ́ tí ó wà níwájú rẹ̀ pọ̀, àwọn oníṣègùn ìgbà náà kò sì tíì mọ ohun tí wọn ìbá fi ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe.

Kí ẹ lè mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi tóbi, ẹ jẹ́ kí n sọ ti bàbá kan ní agbolé wa. Ataa ni gbogbo wa ń pè é, bí àwọn Ga ti ń pe àgbà ọkùnrin. Apẹja ni. Láti etí òkun tí àwọn ọkọ̀ ń gúnlẹ̀ sí, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan wà tí ènìyàn gbọ́dọ̀ gùn kí ó tó dé òpópó ọ̀nà. Ataa ti ń gùn ún láti ìgbà èwe rẹ̀ pẹ̀lú àwọ̀n lórí. Ó wá di pé bí ó bá gùn ún dé ìdajì, nǹkan á dì mọ́ ọn láyà bí ẹni tí wọ́n fi okùn dì, ìrora náà á sì gba apá òsì lọ. Bí ó bá dúró, tí ó fara ti ògiri fún ìṣẹ́jú mélòó kan, á lọ pátápátá. Nítorí pé ó ń lọ, kò sí ẹni tí ó kà á sí. Àwọn kan ní afẹ́fẹ́ inú ni, àwọn kan ní ọwọ́ ayé ni. Ìyá àwọn ọmọ rẹ̀ ń se àgbo fún un.

Ohun tí William Heberden, oníṣègùn ará London, ti ṣàpèjúwe fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ọdún 1768 gan-an ni èyí: ìrora tí ń mú ènìyàn lẹ́nu ìrìn, pàápàá bí ó bá ń gun òkè, tí ó sì ń lọ bí ó bá ti dúró. Ọkàn tí ń fún gbogbo ara ní ẹ̀jẹ̀, òun náà ní iṣan ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ tí ń bọ́ ọ. Bí ọ̀rá bá gbára jọ sí ògiri inú iṣan wọ̀nyí, ọ̀nà á há. Nígbà ìsinmi, ìwọ̀nba ẹ̀jẹ̀ tí ń kọjá á tó ọkàn í lò. Nígbà iṣẹ́, ọkàn á béèrè sí i, kò sì ní í rí i gbà. Ebi á pa á, ó á sì ké. Bí iṣan náà bá wá dí pátápátá, apá ibẹ̀ nínú ọkàn á kú, ẹni tí ó ni ín sì lè bá a lọ.

Nígbà tí a mú Ataa dé ilé ìwòsàn, wọ́n kọ́kọ́ tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n so wáyà mọ́ ọn láyà, lọ́wọ́ àti lẹ́sẹ̀, ẹ̀rọ sì fa ìlà rẹ̀. Ìlà náà dára. Èmi tí mo bá a lọ yọ̀. Oníṣègùn kò yọ̀. Ó ṣàlàyé fún mi pé ẹni tí iṣan ọkàn rẹ̀ há lè ní ìlà tí kò ní àbùkù rárá bí ó bá wà ní ìsinmi, nítorí pé ebi kò tíì pa ọkàn náà. Lẹ́nu iṣẹ́ ni a ti gbọ́dọ̀ wò ó. Ni wọ́n bá mú Ataa gun ẹ̀rọ kan tí bẹ́líìtì gbọọrọ ń yí lábẹ́ ẹsẹ̀ ènìyàn, tí yóò máa rìn, rìn, rìn, tí kò sì ní í kúrò lójú kan.

Robert Bruce, oníṣègùn ní Seattle ní Amẹ́ríkà, ni ó la ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ń gbà lo ẹ̀rọ náà sílẹ̀ ní ọdún 1963. Fún ìṣẹ́jú mẹ́ta àkọ́kọ́, bẹ́líìtì á máa sáré ní máìlì 1.7 ní wákàtí kan, á sì dà gẹ̀rẹ́ ní ìdá 10 nínú 100. Ní ìṣẹ́jú mẹ́ta mẹ́ta ni wọn yóò máa fi kún eré rẹ̀ àti gíga rẹ̀: máìlì 2.5 pẹ̀lú ìdá 12, lẹ́yìn náà máìlì 3.4 pẹ̀lú ìdá 14, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa lọ. Ní gbogbo àkókò yìí ìlà ọkàn ń jáde, wọ́n ń wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀, oògùn sì wà nítòsí pẹ̀lú ẹ̀rọ tí a fi ń jí ọkàn tí ó bá daṣẹ́ sílẹ̀. Bí ìrora bá le, tàbí tí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ bá ń lọ sílẹ̀ dípò kí ó gòkè, wọn yóò dá a dúró lójú ẹsẹ̀. Àárín S àti T ni ojú oníṣègùn wà. Ọkàn tí ó dá ṣáṣá náà lè rọ̀ díẹ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìlà rẹ̀ á tètè gòkè padà. Bí ó bá rọ̀ tó mìlímítà kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí ó tẹ́ pẹrẹsẹ níbẹ̀ tàbí tí ó ń dà lọ sísàlẹ̀, a jẹ́ pé ó ṣeé ṣe kí ebi ẹ̀jẹ̀ máa pa ọkàn náà. Ti Ataa ti rọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ìṣẹ́jú mẹ́fà tó pé, ìrora gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ etí òkun sì bá a nínú yàrá náà. Mo rí ìlà ọ̀hún bí ó ti ń rọ̀. Wọ́n fún un ní oògùn tí kò gbọ́dọ̀ jẹ ọjọ́ kan kọjá láìlò, ó sì fi àwọ̀n rírù sílẹ̀ fún àwọn ọmọ rẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ìdánwò yìí kì í ṣìnà. Àwọn tí ìlà wọn rọ̀ láìjẹ́ pé iṣan wọn há kò kéré, pàápàá láàrin àwọn obìnrin. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn kan wà tí iṣan wọn há, tí ìlà wọn kò sì sọ nǹkan kan. Ní ilẹ̀ wa, ìfúnpá gíga ni ó ń ba ọkàn jẹ́ jù, ẹran ọkàn tí ó ti nípọn nítorí rẹ̀ a sì máa yí ìlà padà kí ènìyàn tó gbé ẹsẹ̀ rárá. Láti ọdún 2010 ni a ti gba àwọn oníṣègùn England nímọ̀ràn pé kí wọ́n má ṣe fi ìdánwò yìí wá àìsàn iṣan ọkàn lára ẹni tí a kò tíì mọ̀ pé ó ní i, nítorí pé ẹ̀rọ tí ń ya àwòrán iṣan náà fúnra rẹ̀ wà lọ́wọ́ wọn. Níbi tí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kò tó nǹkan, tí owó rẹ̀ sì ga, bẹ́líìtì àti ìlà ṣì ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n kí olùkọ́ kankan má ṣe tìtorí pé ó ka àpilẹ̀kọ yìí kí ó ní kí ẹni tí àyà ń dùn máa gun àtẹ̀gùn kí òun lè wò ó. Àwọn ọmọ kíláàsì mi tí ara wọn le ni mo máa ń ní kí wọ́n ka lílù iṣan ọrùn ọwọ́ wọn fún ìṣẹ́jú kan ní ìjókòó, kí wọ́n sì tún un kà lẹ́yìn tí wọ́n bá ti sáré yí pápá ká lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ ju ìwé kíkà lọ.

Mo padà sórí ọkùnrin wa. Ilé iṣẹ́ kan ní Cambridge bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ẹ̀rọ rẹ̀ tà, ẹ̀rọ náà sì ń kéré sí i bí ọdún ti ń gorí ọdún. Thomas Lewis, ní London, fi í tú àṣírí oríṣiríṣi ọkàn tí kì í lù déédéé, Einthoven kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé iṣẹ́ tí Lewis ṣe. Ní ọdún 1924 wọ́n fún Einthoven ní ẹ̀bùn Nobel fún ìmọ̀ ìṣègùn. Amẹ́ríkà ni ó wà, níbi tí ó ti ń sọ àsọyé kiri, nígbà tí ìròyìn náà bá a. A máa ń ròyìn rẹ̀ pé nígbà tí owó náà dé ọwọ́ rẹ̀, ó rántí Van der Woerdt, oníṣẹ́ ọwọ́ tí ó bá a kan ẹ̀rọ àkọ́kọ́. Ọkùnrin náà ti kú. Einthoven wá ìdílé rẹ̀ kiri títí ó fi rí àwọn arábìnrin rẹ̀ méjì nínú ilé àwọn aláìní, ó sì pín owó náà dọ́gba pẹ̀lú wọn. Nínú gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa rẹ̀, èyí ni mo fẹ́ràn jù.

Ọmọkùnrin rẹ̀ kan ṣoṣo, tí òun náà ń jẹ́ Willem, di onímọ̀ ẹ̀rọ mànàmáná. Ó tún galvanometer bàbá rẹ̀ ṣe kí ó lè dára sí i, ó sì lọ di olórí yàrá ìwádìí rédíò ní Bandung, ní Java tí a ti bí bàbá rẹ̀. Ní ọdún 1945 ni ó kú.

Bàbá kú ní ọjọ́ 29 oṣù kẹsàn-án ọdún 1927, lẹ́yìn àìsàn tí ó pẹ́. Ẹni ọdún 67 ni. Ọdún kẹrin tí a ṣí ilé ìwòsàn Korle Bu ni. Wọ́n sin ín sí Oegstgeest, ìletò kan tí ó fara ti Leiden.

Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, ní Cleveland ní Amẹ́ríkà, Harold Feil àti Mortimer Siegel ní kí àwọn aláìsàn tí ó ní irú ìrora Ataa máa dùbúlẹ̀ kí wọ́n sì máa dìde jókòó léraléra, títí ìrora náà fi dé. Wọ́n rí i pé ìlà wọn yí padà, ó sì tún bọ̀ sípò nígbà tí ìrora lọ. Ní 1929, ní New York, Arthur Master àti Enid Oppenheimer gbé àtẹ̀gùn onípele méjì kalẹ̀, ìpele kọ̀ọ̀kan ga ní ínṣì 9, kí ènìyàn máa gùn ún lọ gùn ún bọ̀ fún ìṣẹ́jú kan àbọ̀, ní iye ìgbà tí ó bá ọjọ́ orí àti ìwúwo rẹ̀ mu. Lílù iṣan ọwọ́ àti ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ nìkan ni wọ́n ń kà nígbà náà. Ó di ọdún 1941 kí Master tó ròyìn ohun tí ó rí nígbà tí ó fi ẹ̀rọ Einthoven ka ọkàn àwọn aláìsàn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ láti orí àtẹ̀gùn náà.